Enugu Jìnnà, Oníkan Náà Ò Súnmọ́

Ẹ bi ẹni tó bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ikorodu City lọ sí Enugu lọ́dún 2024 pé báwo ni bọ́ọ̀lù yẹn ṣe rí, ẹ ó rí i pé kò ní í ti orí pápá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ rò fún yín. Yóò ní àkùkọ ò tíì kọ tí àwọn fi kúrò n'Íkòròdú. Yóò ní ọ̀nà Ṣágámù ku àwọn bí ẹni ń ku èlùbọ́. Yóò dárúkọ Òrè, yóò dárúkọ Bìní, yóò sọ ibi tí wọ́n ti jẹun àti ẹni tó sùn tó ń han-an-run. Ó lè lo ogún ìṣẹ́jú gbáko kó tó mú yín dé ẹnu géètì pápá. Bí ẹ bá wá bi í pé, “Góòlù ńkọ́?” á mirí, á rẹ́rìn-ín, á ní, “A ṣáà gòkè.”

Èmi ò bá wọn lọ. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ fún mi. Owó ọkọ̀ ò pé, iṣẹ́ sì wà lọ́rùn mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ìtàn ìrìn àjò náà débi pé mo lè fi ojú inú wa ọkọ̀ ọ̀hún. Mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù bábà, mo gbọ́ ọ nídìí ayò, mo gbọ́ ọ ní èbúté Ìpakodò níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ládùúgbò wa, bí ẹni tó lọ Mẹ́kà ṣe ń jẹ́ Àlájì, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó lọ Enugu ṣe ní oyè tirẹ̀. “Òun lọ Enugu o,” ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àlejò. Bí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù bá sì dìde, ẹni tó lọ Enugu ni í sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ kan tó ń dá ọdún kan lẹ́jọ́

Ẹni tí kò mọ bí lígì wa ṣe ń lọ lè béèrè pé kí ló gbé ọmọ Ìkòròdú dé Enugu. Lígì àgbà wa, tí a ń pè ní NPFL, ogún ẹgbẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Bí sáà bá parí, mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á já bọ́ sínú NNL, lígì tó wà lábẹ́ ẹ̀, mẹ́rin á sì ti inú NNL gòkè wá rọ́pò wọn. Ibi tí wàhálà wà lọ́dún 2024 yẹn ni bí wọ́n ṣe ń mú mẹ́rin yẹn. Nígbà náà, NNL kì í kàn wo tábìlì kó ní kí ẹni tó ṣíwájú máa bọ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó bá yege láti ìhà àríwá àti gúúsù ló ń kó lọ sí ìlú kan ṣoṣo fún ìdíje tí wọ́n ń pè ní Super 8. Wọ́n á pín wọn sí ọ̀nà méjì, mẹ́rin-mẹ́rin. Méjì tó bá ṣíwájú lọ́nà kọ̀ọ̀kan gòkè nìyẹn. Àwọn tó kù á padà lọ tún ilẹ̀ ro.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ kan lè fi gbogbo sáà na ẹni tó bá wá sílé ẹ̀, kó dé Super 8, kí bọ́ọ̀lù kan yọ̀ lọ́wọ́ gólì, kí iṣẹ́ ọdún kan sì dà bí omi tó dà sílẹ̀ lójú ọjà. Ìdájọ́ náà kì í sì í wáyé nílé. Kò sí ìyá aláta tó mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, kò sí ọmọ àdúgbò tó gun ògiri yọjú, kò sí ìlù tí etí wọn mọ̀. Ìwọ̀nba èèyàn tó lè fi owó ọkọ̀ àti ara wewu ló máa ń dúró lẹ́yìn wọn. Ìdí nìyí tí ohùn èèyàn díẹ̀ fi ń wúlò níbẹ̀ ju ti ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ nílé.

Lọ́dún 2023, Asaba ni wọ́n ti gbá a. Kano Pillars, Katsina United, Heartland àti Sporting Lagos ló gòkè. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó kan Enugu. Àwọn tó gòkè níbẹ̀ ni Nasarawa United, El-Kanemi Warriors ti Maiduguri, Beyond Limits tí í ṣe àwọn ọ̀dọ́ ilé Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, àti Ikorodu City, àwọn tí a ń pè ní Oga Boys nítorí pé ‘Ìkòròdú Ọ̀gá’ ni ìlú wa fi ń yan. Sáà kan náà yẹn ni Sporting Lagos já bọ́ kúrò ní NPFL lẹ́yìn ọdún kan péré. Bí ọmọ Èkó kan ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Èkó mìíràn ń gùn ún.

I, L, E

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀, ó yẹ kí n sọ ohun tó da ará Ẹ̀pẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ Èkó ló mọ IBILE, lẹ́tà márùn-ún tó dúró fún ẹkùn márààrún: Ikeja, Badagry, Ikorodu, Lagos Island, Epe. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ló wà lápá ìlà-oòrùn. Ọ̀sà kan náà ló ń fọ ẹsẹ̀ wa. Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ ló pọ̀ nínú ìtàn wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹ̀pẹ́ ní ará Èkó tirẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ dé lọ́dún 1851, tí wọ́n ṣì ń fi ọdún Káyókáyó rántí ọjọ́ náà. Ẹ̀pẹ́ ò ní ẹgbẹ́ nínú lígì àgbà. Nítorí náà, nígbà tí Ikorodu City ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn kan l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ní, “Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni bá ń ṣe ìyàwó, ṣé a ò ní í ran aṣọ ni?”

Ẹ wá wo IBILE yẹn dáadáa. Láàrin I ti Ìkòròdú àti E ti Ẹ̀pẹ́, L ló wà níbẹ̀: Lagos Island, ibi tí Oníkan wà. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yẹn dúró sí ọkàn yín. A máa padà bá a.

Ọ̀nà tó jìn

Ẹni tó bá ń ti Ìkòròdú lọ sí ìlà-oòrùn, ọ̀nà Ṣágámù ló máa gbà kó tó bọ́ sí títì márosẹ̀ Bìní. Ará Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ lè gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde tààrà. Ìjẹ̀bú-Òde ni oríta àwọn méjèèjì. Ọkùnrin kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Odógunyàn sọ fún mi pé ibẹ̀ gan-an ni ìrìn àjò náà ti di àríyá. Ará Ìkòròdú gbé òjòjò dání. Ará Ẹ̀pẹ́ gbé ẹja yíyan láti ọjà Olúwo. Gaàrí Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tó máa pè é. “Kí a tó dé Òrè,” ó ní, “a ti jẹ ohun tó yẹ ká jẹ l'Énugu tán.”

Òrè fúnra ẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ń kọjá láìsọ̀rọ̀. Àwọn àgbà inú ọkọ̀ á rántí pé ibẹ̀ ni ogun Bìáfúrà ti kẹ́sẹ̀ dúró lọ́dún 1967, ohun tí wọ́n fi ń sọ títí dòní pé, “Ó le kú, ìjà Òrè.” Àwọn ọmọdé inú ọkọ̀ ò bìkítà, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn Òrè ni igbó, lẹ́yìn igbó ni Bìní, lẹ́yìn Bìní ni ilẹ̀ pupa tó ń gbé èèyàn lọ sí Asaba. Ibẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ti fi ojú ara wọn rí Odò Ọya fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo wa la gbọ́ orúkọ odò yẹn láti kékeré nínú ìtàn Ṣàngó àti ìyàwó ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba orí afárá kọjá lójú ọ̀sán ló mọ̀ pé ìtàn náà ní omi nínú. Ọkùnrin Odógunyàn náà ní ariwo inú ọkọ̀ rọlẹ̀ lójijì. Ẹni tó ń lùlù dáwọ́ dúró. Arákùnrin kan bọ́ fìlà.

Onitsha, Awka, títí dé 9th Mile, níbi tí òórùn ọ̀kpà gbígbóná ti ń wọ ojú fèrèsé. Ẹ̀wà ilẹ̀ Igbo kan ni wọ́n fi ń ṣe é, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì, bí ẹni pé mọ́ínmọ́ín rìn lọ sí ilẹ̀ àjèjì tó wá gbé ìyàwó níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó lọ ló ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀kpà yẹn. Mo ti wá gbà pé ìdajì ìrántí èèyàn nípa bọ́ọ̀lù, inú ikùn ló ń gbé.

Ọ̀nà tí mo ń sọ yìí lé ní 500 kìlómítà ní àlọ nìkan. Ìwọ̀nyí kì í ṣe olówó. Telọ wà nínú wọn, vọ́kánáísà wà nínú wọn, ìyá ẹlẹ́ja kan láti Ẹ̀pẹ́ wà nínú wọn tó ní òun ò mọ òfin ọ́fúsáìdì títí dòní, ṣùgbọ́n òun mọ ìgbà tí réfírì bá ń ṣojúsàájú. Ohun tí wọ́n fi lé ọ̀nà lọ́wọ́ ju owó lọ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, àwọn adigunjalè dá ọkọ̀ Kano Pillars lọ́nà ní àgbègbè Lọ́kọ́jà, wọ́n sì yìnbọn lu agbábọ́ọ̀lù márùn-ún. Wọ́n ń lọ gbá bọ́ọ̀lù l'Ówérí ni. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, èèyàn méjìlélógún nínú ikọ̀ eléré ìdárayá ìpínlẹ̀ Kano bá ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ nígbà tí wọ́n ń ti ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀ ní Ògùn bọ̀ wálé. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń dìde gbàdúrà ní òwúrọ̀ tí ọmọ bá wọ jẹ́sì jáde. Àwọn èèyàn rò pé nítorí góòlù ló ṣe ń gbàdúrà.

Ilé Rangers

Pápá Nnamdi Azikiwe l'Énugu, ilé Rangers ni. Cathedral ni àwọn olólùfẹ́ wọn ń pè é, wọn ò sì fi ṣeré. Sáà yẹn gan-an ni Rangers gba lígì àgbà fún ìgbà kẹjọ. Ẹni tó bá wọ ìlú náà nígbà yẹn, inú ìdùnnú ẹlòmíràn ló wọ̀ sí.

Àwọn àgbà tó lọ kò sì lè ṣàì ṣírò. Ìkòròdú ti ní ẹgbẹ́ kan rí tó gòkè. Ikorodu United ni, lọ́dún 2015, pẹ̀lú MFM ti Èkó kan náà. Ọdún yẹn dùn láìmọye ọ̀nà. Oṣù kọkànlá ni bọ́ọ̀sì BRT dé Ìkòròdú láti Mile 12, lábẹ́ gómìnà tí í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́, Akinwunmi Ambode. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn méjì fún wa lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀nà kan wọ ìgboro Èkó, ọ̀nà kan wọ lígì àgbà. BRT dúró. Lígì ò dúró. Sáà kan ṣoṣo ni Ikorodu United lò. Lọ́dún 2016, wọ́n já bọ́ padà.

Ta ló gba lígì lọ́dún 2016 yẹn? Rangers. Ìgbà àkọ́kọ́ wọn láti ọdún 1984. Ta ló gbà á lọ́dún 2024? Rangers. Kóòṣì tó bá wọn gba ti 2024 ni Fidelis Ilechukwu, ẹni tó jẹ́ pé òun ló kó MFM gòkè pẹ̀lú Ikorodu United lọ́dún 2015. Lójú ẹni tí kì í wo bọ́ọ̀lù, èyí kò já mọ́ nǹkan kan. Lójú olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tó ti fi ọdún mẹ́jọ rántí bí ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe já, àmì ni. Wọ́n ní bàbá kan wò káàkiri pápá náà, ó ní, “Àwọn wọ̀nyí ló ń ṣayẹyẹ nígbà tí a wọlẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí a bá jí.”

Ìkòròdú kọ́ ló kọ́kọ́ lọ sọkún lọ sẹ́rìn-ín ní ibẹ̀ láàrin àwa ọmọ Yorùbá. Shooting Stars ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún 1976, já bọ́ lọ́dún 2017. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jẹ̀yà nísàlẹ̀. Super 8 ti Enugu lọ́dún 2021 ni wọ́n ti gbà padà, Remo Stars sì bá wọn gòkè lọ́dún náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, lọ́dún 2025, Remo Stars di aṣáájú gbogbo Nàìjíríà. Nítorí náà, nígbà tí ará Ìkòròdú ń lọ sí Enugu, ó mọ̀ pé ojú ọ̀nà yẹn lè gbé èèyàn jìnnà. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ó lè gbé e lọ, kó sì dá a padà láàrin sáà kan.

Àwa tó kù nílé

Kí n sọ tiwa náà. Ẹni tó kù nílé kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ ò balẹ̀ ju ti ẹni tó lọ. Ṣọ́ọ̀bù bábà ni mo wà. Fóònù mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, ìkan ní dátà, ìkan ní ńẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìkan ní iná. Bí ohùn bá wọlé láti Enugu, ariwo ni a máa kọ́kọ́ gbọ́, a ò ní í mọ̀ bóyá ariwo ayọ̀ ni tàbí ti ìbínú. Ẹni kan á ní, “Wọ́n ti jẹ ẹ́!” Ẹlòmíràn á ní, “Àwa ni wọ́n jẹ.” Bábà ti fá apá kan orí oníbàárà, ó gbàgbé apá kejì.

Nígbà tí ó dájú pé a ti gòkè, kò sí ẹni tó fò sókè lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù 2016 ṣì wà nínú wa. Ìgbà tí onímọ́tò kan kọjá tó ń fun fèrè láìdáwọ́ dúró la tó gbà á gbọ́. Mo jáde sí títì. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí dì mọ́ mi. Kò tíì sọ orúkọ ẹ̀ fún mi títí di báyìí, bẹ́ẹ̀ a máa ń kí ara wa ní gbogbo ìgbà tí a bá pàdé l'Áyàngbùrẹ́n.

Omi ní àlọ, ilẹ̀ ní àbọ̀

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi nìyí. Àwọn tó lọ Enugu rò pé ìrìn àjò ti parí. A ti wọ lígì àgbà. Rangers, Enyimba àti Kano Pillars ló máa wá bá wa nílé. Ọ̀rọ̀ ‘ilé’ yẹn ló wá di ìṣòro. Ilé tí Ikorodu City ń gbá bọ́ọ̀lù ní sáà 2024/2025 ni Mobolaji Johnson Arena, ní Oníkan, ní Lagos Island. Pápá àgbà ni. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n sí King George V kó tó di Oníkan, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó tún un kọ́, kó sì fi orúkọ gómìnà àkọ́kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó pè é. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ló gbà. Koríko ẹ̀ dára, iná ẹ̀ dára. Ẹ̀sùn tí mo ní sí i kò ju ọ̀kan lọ: kò sí n'Íkòròdú.

Ẹ bá mi ká lọ. Bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò. Ọ̀sà tẹ́ lọ bẹẹrẹ, atẹ́gùn ń fẹ́, jẹ́sì àdìrẹ kún inú ọkọ̀, a ti ń kọrin kí a tó rí afárá Third Mainland. Ká tó wí, ká tó fọ̀, a ti dé Èkó. Bí àlọ bá rí báyìí, ta ni kò ní í lọ? Ṣùgbọ́n bí réfírì bá fun fèrè ìkẹyìn, oòrùn ti ń wọ̀, òfin sì ni pé ọkọ̀ ojú omi kì í rìn lálẹ́ lórí ọ̀sà Èkó. Ó di kí a rìn lọ sí CMS, kí a tò fún BRT, kí a gba Ojúẹlẹ́gba, Márílándì, Kétu, Mile 12, kí a tó máa wo Ìkòròdú lọ́ọ̀ọ́kán. Omi ní àlọ, ilẹ̀ ní àbọ̀. Ẹni tó kúrò nílé ní ọ̀sán lè dé ilé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, iṣẹ́ Mọ́ńdè sì ń dúró.

Ti ará Ẹ̀pẹ́ tún yàtọ̀. Bó bá fẹ́ bá wa rìn, á gba Ìtóìkín wá sí Ìkòròdú, á sì wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú wa. Bó bá fẹ́ kó yá, títì Lẹ́kí ló máa gbà: Ẹ̀pẹ́, Ajah, Lẹ́kí, Victoria Island, Oníkan. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa ọkọ̀ èrò ní ojú ọ̀nà yẹn fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Àbúrò, mo ti wo Ìkòròdú ní ìgbà mẹ́sàn-án báyìí, mi ò tíì fi ẹsẹ̀ kan Ìkòròdú.”

Ẹ rántí lẹ́tà L tó wà láàrin I àti E? Òun ló dúró sí àárín wa yẹn.

Mi ò ní kí ẹ rò pé ẹgbẹ́ náà ṣe ibi. Lígì àgbà ní irú pápá tó ń fẹ́, Ìkòròdú ò sì ní in. Àwọn ọmọ náà sì ṣe bẹbẹ. Lábẹ́ kóòṣì Nurudeen Aweroro, wọn ò wá sí lígì àgbà láti wá tọrọ àyè. Ìdajì òkè tábìlì ni wọ́n parí sáà àkọ́kọ́ sí. Ẹ̀rù 2016 ti kúrò lára wa. Ohun tó ń dun àwọn tó lọ Enugu kò sí lórí tábìlì. Wọ́n rin ìrìn tó lé ní 500 kìlómítà láti lọ mú bọ́ọ̀lù àgbà wálé, bọ́ọ̀lù náà sì sọ̀ sí òdìkejì omi.

Ohun tí ará Charlton ṣe

Àwọn kan ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí jà rí. Ní gúúsù ìlà-oòrùn London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí bí Woolwich àti Thamesmead, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Charlton Athletic. Lọ́dún 1985, wọ́n kó kúrò ní pápá wọn tó ń jẹ́ The Valley, wọ́n sì lọ ń bá Crystal Palace gbé, lẹ́yìn náà West Ham. Àwọn olólùfẹ́ wọn ò kàn jókòó kí wọ́n máa ráhùn. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ Greenwich ò gbà kí wọ́n tún pápá náà kọ́, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Valley Party ni wọ́n pè é. Wọ́n bá wọn du ìbò ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dún 1990, ìbò tó lé ní 14,000 ni wọ́n sì mú. Wọn ò wọlé o. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọlé gbọ́ èdè yẹn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1992, Charlton padà sílé.

Lọ́dún 1998 ni wọ́n wá lọ gbá bọ́ọ̀lù tó máa sọ ẹni tó ń gòkè ní Wembley pẹ̀lú Sunderland. Mẹ́rin sí mẹ́rin ni lẹ́yìn àfikún àkókò. Clive Mendonca, ẹni tó jẹ́ pé Sunderland ló dàgbà sí, ló jẹ mẹ́ta nínú mẹ́rin ti Charlton. Pẹnárítì ni wọ́n fi parí ẹ̀, méje sí mẹ́fà, Charlton gòkè. Àwọn ará Sunderland, tí wọ́n ti òkè àríwá wá, gba ọ̀nà jíjìn padà lọ pẹ̀lú omijé. Àwọn ará Charlton lọ sílé. Ilé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Bí wọn ò bá jà ní 1990, wọn ì bá gòkè ní 1998 kí wọ́n sì máa bi ara wọn pé ibo ni àwọn ti máa gbà á.

Ẹ jẹ́ kó wálé

A kò ní láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ n'Íkòròdú. Èyí tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n a lè béèrè. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti dárúkọ Ìgbógbó àti Ẹ̀pẹ́ nínú àwọn ibi tí òun ń kọ́ pápá ìṣeré sí. Kí wọ́n parí wọn, kí wọ́n sì kọ́ wọn dé ìwọ̀n tí lígì àgbà ń fẹ́, kó má jẹ́ pápá tí a ó máa fi ṣe ayẹyẹ ìdárayá ilé ìwé nìkan. Ìyá tó ń ta òjòjò á rí ọjà tà. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà ní Ìmọ́tà á rí ẹni tó fi jọ ara ẹ̀ láìwọ ọkọ̀. Ará Ẹ̀pẹ́ á sì lè sọ pé òun wo Ìkòròdú n'Íkòròdú.

Kó tó di ìgbà náà, ohun kan wà tí kò ní í gba owó bílọ́ọ̀kù. Kí wọ́n ṣètò kí bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán díẹ̀ sí i, kí ọkọ̀ ojú omi lè dúró kó wa padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó mọ bí ọ̀sà ṣe ń rí ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ ẹ̀ bá jàre, mọ ohun tí mo ń sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún bá ọkùnrin Odógunyàn yẹn nídìí jẹnẹrétọ̀ kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti Ṣágámù, mo sì jẹ́ kó sọ ọ́ dé Odò Ọya. Lẹ́yìn náà ni mo bi í bóyá ó máa tún lọ, bí Enugu bá tún pè. Ó ní òun máa lọ. Ó nu ọwọ́, ó wo títì, ó wá ní kí n bá òun kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òun ò ní kí ẹnikẹ́ni dá owó ọkọ̀ Enugu padà fún òun. Ohun tí òun ń béèrè ò ju ọjọ́ kan lọ tí òun máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ṣọ́ọ̀bù òun lọ wo bọ́ọ̀lù.

Mo ti kọ ọ́.